Ojú Ewé Kan, Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta: Bí Mẹ́mórì Àjọlò Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpútà méjì tí wáyà so pọ̀ kì í rí inú ara wọn. Ohun tí ọ̀kan bá kọ sínú mẹ́mórì rẹ̀, inú rẹ̀ nìkan ló wà. Èkejì kò ní mọ̀ àfi tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ méjì ní òpópónà Otigba, ní Computer Village n'Ìkẹjà, tó sì fi okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì so wọ́n pọ̀, kò tíì ní kọ̀ǹpútà kan tó lágbára ìlọ́po méjì. Méjì ló ṣì ní, kálukú pẹ̀lú mẹ́mórì tirẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà tí a fi lè mú kí méjèèjì, tàbí ogún wọn, máa ṣe bí ẹni pé mẹ́mórì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Prógíráàmù tó wà lórí èyí àkọ́kọ́ yóò kọ nọ́ńbà sí àdírẹ́sì kan, prógíráàmù tó wà lórí èkejì yóò yẹ àdírẹ́sì yẹn gan-an wò, yóò sì bá nọ́ńbà náà níbẹ̀. Gbígbé nọ́ńbà kọjá lórí wáyà kọ́ ni iṣẹ́ tó le níbẹ̀. Ibi tó le ni pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní láti tọ́jú ẹ̀dà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà sì ni ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ oníbísíkíìtì kan ní ọ̀nà Ọba Akran. Àpẹẹrẹ lásán ni, kò sí ilé iṣẹ́ kan pàtó tí mò ń bá wí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ní ilé ìkẹ́rù, ọ̀kan lẹ́nu géètì níbi tí lọ́rì ti ń gbẹ́rù lọ sí Agége àti Ìjú, ọ̀kan ní ọ́fíìsì àwọn aṣírò owó. Iye káàtọ́ọ̀nù tó kù wà nínú mẹ́mórì tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò: 400. Ilé ìkẹ́rù ka 400, ó tọ́jú ẹ̀dà. Ẹnu géètì náà ka 400, ó tọ́jú ẹ̀dà. Lọ́rì kan gbé 300, ẹnu géètì kọ 100 sínú ẹ̀dà tirẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan náà, oníbàárà mìíràn dé ilé ìkẹ́rù, wọ́n wo ẹ̀dà tiwọn, 400 ni wọ́n ṣì rí, wọ́n sì gba owó káàtọ́ọ̀nù 350 lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta 250 káàtọ́ọ̀nù tí kò sí láyé. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí dá lé.

Kai Li, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó lọ kàwé ní Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà náà kalẹ̀ nínú ìwé ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1986. Orúkọ tó sọ ètò tó kọ ni IVY, orí àwọn kọ̀ǹpútà Apollo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì so pọ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́. Ní 1989, òun àti Paul Hudak tẹ àlàyé kíkún lórí rẹ̀ jáde, àlàyé yẹn ni àwọn tó tẹ̀lé wọn sì ń tọ́ka sí títí di òní. Ohun tó sún Kai Li dé ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ní prósẹ́sọ̀ púpọ̀ lórí mẹ́mórì kan wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ wà káàkiri. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé a kò lè fi àwọn kéékèèké ṣe iṣẹ́ ńlá láìyí bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ prógíráàmù padà?

Ó rí ọgbọ́n kan mú láti inú nǹkan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Prógíráàmù kì í mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà gan-an nínú mẹ́mórì. Àdírẹ́sì tó ń pè jẹ́ àdírẹ́sì àfarawé. Prósẹ́sọ̀ ló ń wo tábìlì kan kó tó mọ ibi tí àdírẹ́sì náà já sí. Wọ́n sì ti pín mẹ́mórì sí ojú ewé ojú ewé. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, báìtì 4,096 ló wà lójú ewé kan. Ti IVY jẹ́ 1,024. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì yẹn ni àṣẹ wà: bóyá prógíráàmù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, tàbí ó lè kà á nìkan, tàbí ó lè kà á kó sì kọ sí i. Bí prógíráàmù bá kọjá àṣẹ, prósẹ́sọ̀ á dá a dúró lójú ẹsẹ̀, á sì ké sí Linux, Windows tàbí èyíkéyìí tó bá ń ṣàkóso ẹ̀rọ náà. Kí Kai Li tó dé, ohun tí wọ́n ń fi ìdádúró yẹn ṣe jù ni láti lọ gbé ojú ewé wá láti inú dísìkì. Òun ní kí wọ́n lọ gbé e wá láti inú kọ̀ǹpútà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Òfin tó gbé kalẹ̀ ṣe é sọ ní gbólóhùn kan: àwọn tó ń kà lè pọ̀ tó bí wọ́n bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ gbọ́dọ̀ dá wà. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà kan tó ni ín ní àkókò kan. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó ni ojú ewé lè yí padà nígbà ẹgbẹ̀rún lóòjọ́, àmọ́ kì í jẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Padà sí ilé iṣẹ́ wa. Ká ní ilé ìkẹ́rù ló ni ojú ewé tí iye káàtọ́ọ̀nù wà. Ẹnu géètì fẹ́ kà á, kò ní ẹ̀dà, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ dá prógíráàmù dúró. Ó ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rù. Ilé ìkẹ́rù kọ́kọ́ dín àṣẹ ara rẹ̀ kù sí kíkà nìkan, ó kọ orúkọ ẹnu géètì sínú àkọsílẹ̀ àwọn tó gba ẹ̀dà, lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Prógíráàmù ẹnu géètì tẹ̀ síwájú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n dá òun dúró. Bí ọ́fíìsì aṣírò náà bá fẹ́ kà, bákan náà ni.

Lọ́rì wá dé, ẹnu géètì fẹ́ kọ 100. Kíkà nìkan ni àṣẹ rẹ̀ gbà, wọ́n tún dá a dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní láti gba ìní ojú ewé náà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀dà, kó sì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé ẹ̀dà ọwọ́ wọn ti kú. Olúkúlùkù yóò pa tirẹ̀ rẹ́, yóò sì dáhùn pé òun ti ṣe é. Ìgbà tí ìdáhùn gbogbo wọn bá pé ni ẹnu géètì tó lè kọ nọ́ńbà tuntun. Ìdúró de ìdáhùn yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fẹ́ fò kọjá kí iṣẹ́ lè yá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló gba ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí ẹnu géètì bá kọ 100 kí ìdáhùn ilé ìkẹ́rù tó dé, àlàfo kan ṣí sílẹ̀ tí ilé ìkẹ́rù ṣì lè fi ka 400 kó sì gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Àlàfo náà lè má ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Báwo ni ẹnu géètì ṣe mọ ẹni tó ni ojú ewé nígbà tí ìní ń yí kiri? Kai Li àti Hudak gbé oríṣiríṣi ọ̀nà yẹ̀ wò. O lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣe alábòójútó tí gbogbo ìbéèrè ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á há. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí kò ní alábòójútó. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kàn ń rántí ẹni tó gbọ́ kẹ́yìn pé ó ni ojú ewé náà. Ìrántí yẹn lè ti di àtijọ́, kò burú. Ẹni tí ìbéèrè bá bá á darí rẹ̀ sí ẹni tí òun náà mọ̀ kẹ́yìn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oní-nǹkan. Bí ìbéèrè ṣe ń kọjá, gbogbo ẹni tó darí rẹ̀ ń tún ìrántí tirẹ̀ ṣe, nítorí náà ìrìn àjò tó ń bọ̀ máa ń kúrú sí i.

Ṣùgbọ́n kí ni ìlérí tí gbogbo èyí ń mú ṣẹ? Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Leslie Lamport ti dáhùn rẹ̀ ní 1979, ṣáájú IVY. Ó ní àbájáde iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dà bí ẹni pé gbogbo kíkà àti kíkọ, láti ọ̀dọ̀ gbogbo prósẹ́sọ̀, tẹ̀lé ara wọn lẹ́sẹẹsẹ lórí ìlà kan, tí ti prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì yí kúrò ní bí prógíráàmù rẹ̀ ṣe tò ó. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé gbogbo ayé gbọ́dọ̀ rí ìròyìn tuntun ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ètò ìtẹ̀léra ló ń bèèrè. Ká ní ọ́fíìsì yí owó káàtọ́ọ̀nù padà láti náírà 4,800 sí 5,200, lẹ́yìn náà ló wá kọ àmì pé owó tuntun ti jáde. Bí ẹnu géètì bá rí àmì yẹn tó sì tún ka 4,800, ìlérí ti bàjẹ́: ìròyìn ìkejì ti ṣíwájú èyí àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kí wáyà kankan wà níbẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Prósẹ́sọ̀ inú fóònù tó wà lápò yín ní orí púpọ̀, ó sì lè to kíkọ sódì bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó kọ prógíráàmù kò bá pàṣẹ pé kó má ṣe é.

IVY mú ìlérí Lamport ṣẹ, ó sì san owó rẹ̀. Ibi tí owó náà ti wúwo jù ni ibi tí nǹkan méjì tí kò bára wọn tan bá jọ wà lójú ewé kan. Iye káàtọ́ọ̀nù gba báìtì 8. Báìtì 4,096 lè gba irú rẹ̀ 512. Bí iye lọ́rì tí ẹnu géètì ń kà àti iye àpò ìyẹ̀fun tí ilé ìkẹ́rù ń kà bá bọ́ sójú ewé kan náà, méjèèjì á máa já ojú ewé gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó nílò nọ́ńbà ẹnì kejì rẹ̀. Prósẹ́sọ̀ ń ka mẹ́mórì ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdá 100 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Gbígbé ojú ewé kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ìyẹn, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta lè wá lọ́ra ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn á sì máa gbóná bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ló kàn. Ní Yunifásítì Rice ní ìpínlẹ̀ Texas, Willy Zwaenepoel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé ètò Munin jáde ní 1991, lẹ́yìn náà TreadMarks ní 1994. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fọwọ́ kan nǹkan àjọlò lásán. Yóò kọ́kọ́ gba àgádágodo, ìyẹn àṣẹ tí ẹnì kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, yóò sì tú u sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ń sáré kéde gbogbo kíkọ fún gbogbo èèyàn? Ẹni tí kò gba àgádágodo kò gbọdọ̀ máa wo nǹkan náà. Ẹ jẹ́ kí ìròyìn dúró títí di ìgbà tí àgádágodo bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

TreadMarks tilẹ̀ lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tú àgádágodo sílẹ̀ kò ní kéde fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wá gbà á lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni yóò sọ fún, pé ojú ewé báyìí báyìí ti yí padà. Onítọ̀hún á ka tirẹ̀ sí òkú, á sì bèèrè àtúnṣe ìgbà tó bá nílò rẹ̀. Ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò nílò kò ní rìn lórí wáyà rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú ewé tí àwọn méjì ń jà lé. Wọ́n yanjú rẹ̀ báyìí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ kọ nǹkan sójú ewé kan, ó máa ń ṣe ìbejì ojú ewé náà, á sì tọ́jú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Yóò wá máa kọ ohun tó fẹ́ sí èyí àkọ́kọ́. Nígbà tí àkókò bá tó láti sọ ohun tó yí padà, yóò fi méjèèjì wé ara wọn, yóò sì fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nìkan ránṣẹ́. Ẹnu géètì á fi báìtì 8 tirẹ̀ ránṣẹ́, ilé ìkẹ́rù á fi báìtì 8 tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó bá gba méjèèjì á sì tò wọ́n sójú ewé kan láìsí ìjà. Àwọn méjì ti kọ sójú ewé kan lẹ́ẹ̀kan náà, òfin IVY ti yí padà, síbẹ̀ prógíráàmù tó lo àgádágodo bó ṣe yẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Prógíráàmù tó bá lò ó bó ṣe yẹ ni o. Májẹ̀mú ẹ̀gbẹ́ méjì ni. Ètò mẹ́mórì ṣèlérí pé ẹni tó bá gba àgádágodo yóò rí gbogbo ohun tí ẹni tó dì í mú ṣáájú rẹ̀ kọ. Ẹni tó ń kọ prógíráàmù náà gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun kò ní yọjú wo nǹkan àjọlò láìgba àgádágodo. Bó bá yẹ àdéhùn, yóò rí nọ́ńbà àná, kò sì sí àṣìṣe kankan tí ẹ̀rọ náà yóò kéde. Gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe rí i, ìdajì májẹ̀mú tó jẹ́ tiwa yìí ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ prógíráàmù níbí kì í gbọ́ sétí tó. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ìwé tó rẹwà lórí fóònù, ó dáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí orí méjì bá jọ ń ṣe lórí nǹkan kan kò lè yè láìsí ìmọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà náà kò ṣe é fojú fò. Ní Orégùn, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́, ni Rack Centre wà, ilé tí wọ́n ń kó sáfà (server) àwọn oníbàárà sí. Láti ibẹ̀ dé Victoria Island tó nǹkan bí 20 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ láàárín ibi méjèèjì kò lè dín ní ìdá 200 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, kódà bí okùn náà bá tọ́ tí kò sì sí ẹ̀rọ kankan lójú ọ̀nà. Prósẹ́sọ̀ ti lè ka mẹ́mórì ara rẹ̀ nígbà 2,000 kí ìdáhùn tó dé. Kò sí owó tó lè ra ìyẹn padà. Ìdí nìyí tí mẹ́mórì àjọlò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú sí ìlú.

Okùn sì tún lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní tòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí kan Èkó. Ẹ wo ohun tí irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí fún òfin tí a sọ lókè. Ẹni tó ni ojú ewé wà ní ìhà ọ̀hún, ẹni tó fẹ́ kọ wà ní ìhín. Bó bá dúró de ìdáhùn, iṣẹ́ dúró. Bí kò bá dúró, ẹ̀dà méjì yóò yapa. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Eric Brewer sọ èyí ní 2000, Seth Gilbert àti Nancy Lynch sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ ní 2002: nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pín sí méjì, o ní láti yan ọ̀kan nínú ìṣọ̀kan ẹ̀dà àti iṣẹ́ tí kò dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí owó ṣe ń rìn láti báǹkì kan sí èkejì nìyí. Àwọn báǹkì kì í pín ojú ewé mẹ́mórì. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ọ̀nà mìíràn tó ní òfin tirẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀nà míì ló borí fún iṣẹ́ ìṣirò ńlá: kí kọ̀ǹpútà kálukú di mẹ́mórì tirẹ̀ mú, kí wọ́n sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn ní gbangba. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Philip Emeagwali, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, tọ̀ nígbà tó fi prósẹ́sọ̀ 65,536 ti kọ̀ǹpútà Connection Machine ṣe ìṣirò epo rọ̀bì tó gba ẹ̀bùn Gordon Bell ní 1989. Ìlànà MPI tó jáde ní 1994 wá sọ ọ́ di àṣà gbogbo ayé. Mo gbà pé ohun tó fún un ní ìborí ni pé ẹni tó ń kọ prógíráàmù máa ń rí iye tí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ná an. Mẹ́mórì àjọlò ń fi owó yẹn pamọ́ fún un, ìgbà tí iṣẹ́ bá fà ló tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Kai Li kò kú. Nínú ọ̀pọ̀ sáfà tó ní prósẹ́sọ̀ méjì, àwọn prósẹ́sọ̀ náà ń pa ẹ̀dà ara wọn rẹ́ báyìí lọ́nà kan náà, báìtì 64 báìtì 64, láìsinmi, nínú irin fúnra rẹ̀. Láti 2015 ni Linux ti ní userfaultfd, tó ń jẹ́ kí prógíráàmù fúnra rẹ̀ dáhùn nígbà tí ojú ewé kò bá sí nílé. Òun ni wọ́n fi ń gbé sáfà àfarawé láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn láìdá iṣẹ́ rẹ̀ dúró pẹ́, tí àwọn ojú ewé ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìlànà CXL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, sì ti dé ibi tí ẹ̀rọ púpọ̀ ti lè jọ lo mẹ́mórì kan nínú àgbékó kan, tí irin yóò sì máa tọ́jú ìṣọ̀kan ẹ̀dà.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá sí ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ní Akọka, ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìkòròdú. Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tòkunbọ̀ méjì àti okùn kan. Kí wọ́n fi mprotect, irinṣẹ́ inú Linux, gba àṣẹ kúrò lórí ojú ewé kan, kí wọ́n mú àmì tí Linux bá fi ké, kí wọ́n sì lọ gbé ojú ewé náà wá láti orí ẹ̀rọ kejì. Kí wọ́n kọ òfin IVY, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ojú ewé kọjá lórí okùn, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ti TreadMarks, kí wọ́n tún kà á. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo irinṣẹ́ tó kù, ó ti wà nínú Linux fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.